Kí Ni Ó Yẹ Kí A Tẹ́ Sí Abẹ́ Ọpọ́n Ìwẹ̀?

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ojú kì í rí mọ́ nígbà tí iṣẹ́ ilé bá ti parí. Bí ènìyàn bá wọ balùwẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, yóò rí ọpọ́n ìwẹ̀ funfun tí ń dán, yóò rí táìlì tí a fi bo ògiri, yóò sì rí ẹ̀rọ omi tí ń kọ mànà. Kò ní rí ohun tí a tẹ́ sí abẹ́ ọpọ́n náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ohun tí a kò rí yìí gan-an ni yóò sọ bóyá ọpọ́n náà yóò pẹ́ ní ìlò, tàbí kí ó tó pé ọdún méjì, omi yóò ti máa kán sórí ẹni tí ń gbé ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí, tàbí tí a ń kà á sí létí ní ilé ìkàwé ìletò, ni ó ní ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó kọ́lé sí Èkó. Àwọn mìíràn sì ń fi owó àtúnṣe ilé ránṣẹ́ sí ibẹ̀ láìfi ojú ara wọn rí iṣẹ́ tí a fi owó náà ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi Bọ́ládé ní Òṣòdì ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ọ̀nà mọ́tò Agége àti ojú irin tí ó ti dé Ìbàdàn láti ọdún 1901 wà ní tòsí ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la àárín wọn kọjá, tí gbogbo ayálégbé sì jọ ń lo balùwẹ̀ kan náà ní ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ balùwẹ̀ náà jẹ́ kankéré tí a tẹ́ dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sí ojú ihò. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀ yóò gbé korobá omi rẹ̀ wọlé. Kò sí ohun tí ó lè rì níbẹ̀. Lóde òní, àwọn onílé ń pín irú ilé bẹ́ẹ̀ sí abala-abala kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ní balùwẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ń gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé owó ilé tí ó ní ọpọ́n ìwẹ̀ máa ń ga ju ti èyí tí kò ní lọ. Bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ balùwẹ̀ àtijọ́ dé góńgó lè máà tíì gbé ọpọ́n ìwẹ̀ oníke kan kalẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ yìí fi wúlò fún onílé àti oníṣẹ́ pẹ̀lú.

Ohun tí a fi ṣe ọpọ́n náà

Ọpọ́n ìwẹ̀ ti ìgbà àwọn bàbá wa jẹ́ irin dídà tí a fi tánganran bò lójú. Ìwọ̀n rẹ̀ ju kílò 100 lọ. Ọkùnrin mẹ́rin ni yóò gbé e gun àkàsọ̀, wọn yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ kí wọn tó dé òkè. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ó parí. Kò bèèrè pé kí a fi ohunkóhun ti ikùn òun.

Ọpọ́n tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí yàtọ̀. Ike líle kan tí a ń pè ní akirílíìkì ni a fi ń ṣe é. Ní ọdún 1933 ni wọ́n fún ike yìí ní orúkọ Plexiglas ní Jámánì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Perspex ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni a fi ṣe fèrèsé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ológun, nítorí pé ó mọ́ gaara bí dígí, kò sì tètè fọ́ bíi dígí. Lẹ́yìn ogun ni a wá rí i pé a lè fi ṣe ọpọ́n ìwẹ̀. Bí a ti ń ṣe é ni pé a ó fi ooru mú pẹlẹbẹ akirílíìkì kan títí yóò fi rọ̀ bí awọ tí a rẹ sínú omi; a ó gbé e lé orí ohun tí a gbẹ́ ní àwòrán ọpọ́n; a ó sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín wọn jáde kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Nígbà tí ó bá tutù tán, ó ti di ọpọ́n. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi fọ́nrán dígí àti oje líle kun ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè lágbára.

Ẹ kíyèsí ohun kan níbi yìí. Bí a bá fa rọ́bà, ibi tí ó nà jù ni ó máa ń fẹ́lẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹlẹbẹ akirílíìkì. Etí ọpọ́n, níbi tí kò nà púpọ̀, nípọn dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àwọn igun ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti nà jù, ni ó fẹ́lẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni a ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́! Bí oníbàárà bá fi ìka kan etí ọpọ́n ní ìsọ̀, tí ó sì wí pé, "Èyí nípọn, ó dára," kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọpọ́n akirílíìkì kì í sábà ju kílò 15 sí 25 lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè gbé e lé orí lọ. Ìfúyẹ́ yìí ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ, nítorí wọ́n rò pé ohun tí ó fúyẹ́ kò lè fún ilẹ̀ ní ìnira. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọpọ́n tí ó gùn tó mítà 1.7, tí ó sì fẹ̀ tó mílímítà 700, lè gba omi tó lítà 180. Lítà omi kan wọn kílò kan. Nítorí náà, omi náà nìkan jẹ́ kílò 180. Bí ẹni tí ó wọn kílò 75 bá wọ inú rẹ̀ nígbà tí ó kún, díẹ̀ nínú omi lè dànù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà níbẹ̀ ti sún mọ́ kílò 250. Àpò símẹ́ńtì kan wọn kílò 50. Ó dà bí ẹni pé a to àpò símẹ́ńtì márùn-ún sínú ike tí kò nípọn ju mílímítà díẹ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ irin tí ó bá ọpọ́n wá lè ru ẹrù yìí. Èyí kì í ṣe ìjà. Ìjà wà ní àárín ẹsẹ̀ àti ẹsẹ̀, níbi tí ikùn ọpọ́n ti lefòó láìsí ohunkóhun ní abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń wọ ọpọ́n, yóò kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò sì wà lórí gìgísẹ̀ kan ṣoṣo, ní ibi tí kò fẹ̀ ju ojú owó ẹyọ ńlá kan tàbí méjì lọ. Ike náà yóò tẹ̀ díẹ̀; bí ó bá jáde, yóò padà sí ipò. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ṣẹ́ okùn wáyà rí mọ̀ pé kì í ṣe ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń ṣẹ́ ẹ, ìtẹ̀sí-ìtẹ̀bọ̀ ni. Iṣẹ́ ohun tí a ń tẹ́ sí abẹ́ ọpọ́n ni láti má ṣe jẹ́ kí ike náà tẹ̀ rárá, kí agbára gìgísẹ̀ lè gba inú ike kọjá lọ tààrà sí ilẹ̀.

Kí a tó ra ohun tí a ó tẹ́

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a ka ìwé tí ó wà nínú páálí ọpọ́n. Àwọn tí wọ́n ṣe ọpọ́n kò fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọpọ́n wọn kò rí bákan náà. Òmíràn ní pákó líle tí a ti rì mọ́ inú fọ́nrán dígí ní ikùn rẹ̀, ó sì ní férémù irin. Ẹni tí ó ṣe é lè wí pé kí a má ṣe fi ohunkóhun tẹ́ ẹ. Òmíràn ti ní tìmùtìmù fọ́ọ̀mù líle ní abẹ́ láti ilé iṣẹ́. Òmíràn sì wí gbangba pé àfi kí a fi àpòpọ̀ yanrìn àti símẹ́ńtì tẹ́ ẹ. Bí a bá ṣe òdìkejì ohun tí ìwé náà wí, tí ọpọ́n sì bàjẹ́, a kò ní ẹnu tí a ó fi bá ẹni tí ó tà á sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n a mọ bí ọjà ti rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọpọ́n máa ń dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á láìsí páálí, láìsí ìwé, tí a fi okùn dè é mọ́ orí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Bí ó bá le gbagidi, tí ẹ sì rí pákó tí a rì mọ́ ọn àti férémù irin tí ó gbá pákó náà mú, ó lè dúró lórí férémù rẹ̀. Bí ó bá ń tẹ̀ wọlé tí ó sì ń yọ padà bí ìsàlẹ̀ agolo epo, ó ń bèèrè ìtẹ́. Ní tòótọ́, èyí tí ń tẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú.

Yanrìn lásán

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó rọrùn jù lójú oníṣẹ́. Yanrìn kì í wọ́n níbi tí a bá ti ń kọ́lé. Oníṣẹ́ yóò mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kékeré sí iwájú ọpọ́n, yóò da yanrìn kún inú rẹ̀, yóò gbé ọpọ́n lé e, yóò sì lẹ táìlì mọ́ iwájú. Ó dùn ún wò. Bí onílé bá bèèrè ìdí, yóò dáhùn pé, "Alàgbà, yanrìn kì í rì."

Yanrìn ń rì. Hóró yanrìn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àlàfo wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ sì wà nínú àlàfo náà. Bí ènìyàn bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, àwọn hóró yóò máa sún mọ́ ara wọn, wọn yóò sì máa yẹ̀ kúrò lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti da yanrìn sínú korobá, tí ó sì gbọn korobá náà, ti rí i bí yanrìn ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àyè yóò ti ṣí sílẹ̀ láàárín yanrìn àti ikùn ọpọ́n, tí a ó sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé bí omi díẹ̀ bá jò láti ojú páìpù, yóò máa fọ yanrìn lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Yanrìn yóò tún mu omi náà sára, yóò sì dì í mú bí kànìnkànìn, tí ọ̀rinrin yóò fi máa wọ inú ògiri àti dẹ́kìn. Irin tí ó wà nínú dẹ́kìn kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Yóò dípẹtà, ìpẹtà náà yóò wú, yóò sì máa ti kankéré já bọ́ láti abẹ́ dẹ́kìn. Yanrìn tí a wà láti inú ọ̀sà tilẹ̀ lè ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ sì ń mú kí irin tètè dípẹtà sí i. Èèrà náà kò ní kọ ilé tí a kọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn mìíràn kì í lo yanrìn. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tàbí ègé pákó ni wọ́n ń há sí abẹ́ ọpọ́n níbi méjì tàbí mẹ́ta. Èyí burú ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ. Ike tí ó lè tẹ̀ káàkiri tẹ́lẹ̀ yóò wá máa ṣẹ́ ní etí búlọ́ọ̀kù náà, nítorí pé gbogbo ìtẹ̀ ti kóra jọ sí ojú kan. Ní ti pákó, ikán ni yóò jẹ ẹ́. A kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

P.O.P., tí a fi ń ṣe àjà ilé lọ́nà ẹwà, ni àwọn kan tún ń dábàá. Òótọ́ ni pé ó máa ń tètè dì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í sún kì bí ó ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àjà P.O.P. tí òjò ti kán sí: ó rọ̀, ó sì ń ya lulẹ̀. Ohun tí ń rọ̀ nínú omi kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ní abẹ́ ọpọ́n omi.

Fọ́ọ̀mù inú agolo ni ó gba àlàyé díẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ́ lọ́wọ́. Bí a bá tẹ orí agolo náà, fọ́ọ̀mù yóò jáde, yóò sì máa wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí ó dì. Ìṣòro méjì ni ó ní. Èkíní ni pé ìwúsókè rẹ̀ lágbára: ó lè gbé ọpọ́n tí kò ní omi nínú kúrò ní ipò tí a gbé e sí, tí ihò ìdaminù yóò fi ga ju ibi tí omi dúró sí lọ. Èkejì ni pé, a ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ọ̀mù inú agolo láti dí àlàfo etí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kì í ṣe láti ru ẹrù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ibi tí gìgísẹ̀ ń tẹ̀ yóò dẹ̀ bí tìmùtìmù tí ó ti gbó. Fọ́ọ̀mù mìíràn wà tí a ń po nǹkan méjì pọ̀ kí ó tó dì, ó le ju ti inú agolo lọ, àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe ọpọ́n sì gbà kí a lò ó. Bí ìwé ọpọ́n yín bá dárúkọ rẹ̀, ẹ lò ó, kí ẹ sì rọ omi kún ọpọ́n kí ó tó máa wú. Bí ìwé náà kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìsọ̀.

Àpòpọ̀ yanrìn àti símẹ́ńtì

Ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí a ti ní yanrìn, tí a ti ń ṣe símẹ́ńtì ní Ewékorò láti ọdún 1960, tí gbogbo bíríkìlà sì mọ bí a ti ń pò wọ́n, kò sí ohun tí ó tó àpòpọ̀ yanrìn àti símẹ́ńtì fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ó bá tutù, ó máa ń gba àwòrán ikùn ọpọ́n gẹ́lẹ́, pẹ̀lú gbogbo gegele àti kòtò rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dì tán, kì í tẹ̀, kì í jẹrà, omi kì í yọ́ ọ, ikán kò sì lè jẹ ẹ́. Ohun méjì yìí, kí ohun kan rọ̀ nígbà tí a fẹ́ kí ó rọ̀, kí ó sì le nígbà tí a fẹ́ kí ó le, kò sí lọ́wọ́ yanrìn lásán, kò sì sí lọ́wọ́ búlọ́ọ̀kù.

Ẹ má ṣe bẹ̀rù owó rẹ̀. Ìtẹ́ tí ó gùn tó mítà kan, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò ju lítà 20 lọ. Báńkẹ́tì ọ̀dà ńlá kan tí ó kún fún yanrìn àti ìdá mẹ́rin báńkẹ́tì náà fún símẹ́ńtì, ó ti tó. Símẹ́ńtì tí yóò lọ sínú rẹ̀ kò pé ìdá kan nínú mẹ́fà àpò kan. Ìwọ̀nba símẹ́ńtì tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a rẹ́ ògiri tán ni yóò ṣe é. Ní ọdún 2014, Standards Organisation of Nigeria là á sílẹ̀ pé símẹ́ńtì oní-32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, oní-42.5 sì wà fún òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Fún ìtẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀, èyíkéyìí nínú méjèèjì dára, bí kò bá ti dì nínú àpò. Yanrìn ni kí a ṣọ́: kí ó jẹ́ èyí tí hóró rẹ̀ ṣe ṣákiṣàki, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù-sáńdì, kí a sì sẹ́ ẹ kí òkúta wẹ́wẹ́ má baà wà nínú rẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo tí ó bá yọrí lábẹ́ ike yóò ṣe iṣẹ́ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí a ti bú lókè.

Kí a tó po ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ gbé ọpọ́n náà sí àyè rẹ̀ ní gbígbẹ. A ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò fi wí pé etí rẹ̀ gún ní ìbú àti ní òró. Ọpọ́n ti ní ìdagun tirẹ̀ nínú, tí omi fi ń lọ sí ojú ihò. Nítorí náà, etí ni a ń gún, a kì í fi ọwọ́ ara wa tún un dagun. A ó so páìpù ìdaminù mọ́ ọn, a ó da omi sí i, a ó wò ó bóyá ó ń jò. Ó sàn kí a rí jíjò nísinsìnyí ju lẹ́yìn ọ̀la lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, a ó fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí, a ó sì gbé ọpọ́n jáde.

A ó wá tẹ́ ọ̀rá tí ó nípọn sí ilẹ̀. A ó po àpòpọ̀ náà kí ó ki, bí èyí tí bíríkìlà fi ń to búlọ́ọ̀kù, kí ó má ṣe ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Àpòpọ̀ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sún kì nígbà tí omi náà bá gbẹ, yóò sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ọpọ́n. A ó kó o sí orí ọ̀rá ní òkìtì-òkìtì bí ebè kékeré, kí òkìtì kọ̀ọ̀kan fi ìka kan tàbí méjì ga ju ibi tí ikùn ọpọ́n yóò dé. Ìdí tí a fi ń ṣe é ní òkìtì ni pé, nígbà tí ọpọ́n bá tẹ̀ wọ́n, àpòpọ̀ náà gbọ́dọ̀ rí àyè sá sí. Bí a bá tẹ́ ẹ bẹẹrẹ bí ẹní, ọpọ́n yóò dúró lé e lórí, kò ní lè sọ̀kalẹ̀ dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí páìpù ìdaminù wà, a ó fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí i yíká. Kí oníṣẹ́ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí ọwọ́, nítorí pé símẹ́ńtì tútù ń jẹ awọ ara.

Lórí àwọn òkìtì náà, a ó tún tẹ́ ọ̀rá kejì. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni yóò fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lágbára. Ike ń gùn sí i nígbà tí ó bá gbóná. Bí omi gbígbóná bá fi ìwọ̀n 30 mú ọpọ́n tí ó gùn ní mítà 1.7 gbóná ju bí ó ti wà lọ, ó lè fi mílímítà 2 sí 3 gùn sí i. Bí ó bá tutù, yóò padà. Símẹ́ńtì kì í bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn yóò máa fa ara wọn ya. Bí ọ̀rá bá wà láàárín wọn, ọpọ́n yóò máa yọ̀ lórí ìtẹ́ rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Ọ̀rá náà ni yóò sì jẹ́ kí a lè gbé ọpọ́n kúrò láìfọ́ ọ, bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà náà ni a ó gbé ọpọ́n lé e. Ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan àmì ẹfun. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ láti fi ara tẹ̀ ẹ́. A ó tún fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó, a ó dí ojú ihò, a ó sì rọ omi sí i dé ìdajì, kí ìwúwo omi náà lè mú un jókòó dáadáa. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ọjọ́ méjì dára jù. Ọjọ́ 28 ni a fi ń díwọ̀n agbára símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ẹrù ìtẹ́ yìí kò pọ̀ tó èyí tí a ó fi dúró títí di ìgbà náà. Bí àpòpọ̀ kan bá ti ń dì nínú páànù kí a tó lò ó, kí a dà á nù. Àwọn kan máa ń wọ́n omi sí i lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kí ó lè tún rọ̀, irú rẹ̀ kò ní le mọ́ láéláé.

Ìtẹ́ yìí wọn nǹkan bíi kílò 40. Dẹ́kìn kankéré kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó kì í ṣe ibi tí a ń gbé ọpọ́n ìwẹ̀ sí kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé tó wo ìtì abẹ́ rẹ̀.

Ní ti ọpọ́n tí a ti gbé kalẹ̀ láìtẹ́ ẹ dáadáa, àmì rẹ̀ kò farasin. Yóò máa dún kẹ̀kẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀. Omi díẹ̀ yóò máa dúró ní àárín, kò ní lọ sí ojú ihò. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù tí a fi dí àárín ọpọ́n àti ògiri yóò máa là ní ojú kan náà, bí a ti wù kí a tún un ṣe tó. Bí ayálégbé bá ròyìn èyíkéyìí nínú àmì wọ̀nyí, kí onílé má ṣe rò pé ó ń wá ẹjọ́. Bí ike náà kò bá tíì sán, a lè yọ táìlì iwájú, kí a kó yanrìn jáde, kí a ti àpòpọ̀ kíki wọ abẹ́ ikùn ọpọ́n láti ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi kún, pẹ̀lú omi nínú ọpọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Bí ó bá ti sán, ọpọ́n tuntun ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ etí ọpọ́n. Nígbà tí a bá fẹ́ fi sílíkóònù dí i mọ́ ògiri, kí omi kún inú ọpọ́n, nítorí pé ìgbà náà ni àlàfo náà fẹ̀ jù. Bí a bá dí i nígbà tí ọpọ́n ṣófo, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá wẹ̀ ni yóò là. Kí a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan kí a tó tú omi náà jáde. Ní ògiri iwájú, ní ọ̀kánkán páìpù ìdaminù, kí a fi ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ tí ọwọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì lè gbà wọlé, kí onílé tàbí ẹni tí ó rán wá láti ìletò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí a tẹ́ sí abẹ́ ibẹ̀ kí ó tó san owó iṣẹ́ tí ó kù.